Ìgbafẹ́ Tọkọtaya Tó Dìjà ní London: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ kó dé London lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí, tí ẹ fi ìyá, bàbá àti àwọn àna sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ mi òní kò kan ẹni tó ń wá bí yóò ṣe kọ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ara yín ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ tó dáa lálẹ́ Sátidé, tí ẹ fi lọ́fínńdà sára, tí ẹ jáde lọ ṣe fàájì, àmọ́ tí ẹ padà wálé láìbá ara yín sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Tọkọtaya kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, Thamesmead ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó ń ṣe iṣẹ́ kíà nílé àwọn arúgbó, ọkọ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí kan lápá Dartford. Àyájọ́ ìgbéyàwó wọn pé, wọ́n ní àwọn náà yóò lọ jẹun láàárín ìlú bí ẹgbẹ́ àwọn. Wọ́n ti san owó sílẹ̀ fún àyè ìjókòó. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń tún ojú irin ṣe. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi rọ́pò ọkọ̀, bọ́ọ̀sì náà sì ń yí gbogbo àdúgbò po. Nígbà tí wọn yóò fi débẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú ti lé, wọ́n ti fi tábìlì wọn fún ẹlòmíràn, owó tí wọ́n san sílẹ̀ sì ti wọgbó. Òjò ń rọ̀. Wọ́n yà sí ilé oúnjẹ mìíràn tí wọn kò mọ̀ rí. Oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń délẹ̀ ni ìyá ọkọ pè lórí WhatsApp láti Ìbàdàn. Ọkọ gbé e, ó ní kí ìyàwó òun wá kí Mọ́mì. Mọ́mì kí wọn, wọ́n súre fún wọn, wọ́n wá ní òrùlé ilé ti ń jò. Láti orí òrùlé ni tọkọtaya ti bọ́ sórí owó, láti orí owó ni wọ́n ti bọ́ sórí ẹni tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n wá sí ìlú yìí. Bọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀ délé.

Nígbà tí wọ́n rò ó fún mi tán, mo wá ẹni tó jẹ̀bi, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni pé ẹrù tí ogún ènìyàn ń bá tọkọtaya rù nílé, ẹni méjì péré ló ń rù ú níbí, wọ́n sì tún kó gbogbo rẹ̀ lé alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lórí. Ìmọ̀ràn mi rèé. Bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń tò ó. Ẹ má wò ó pé ti àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù.

1. Ẹ má gbé ara tó ti kú jáde.

Ọkọ tí mò ń sọ yìí, aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ló ti ibi iṣẹ́ òru dé. Kò tíì sùn dénú tí ọmọ fi jí i. Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ti wà nínú súùtù. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì òru kí n tó fẹ̀yìn tì mọ ohun tí àìsùn ń fi ènìyàn ṣe. Ohun tí kò tó nǹkan á di ńlá lójú rẹ̀, àwàdà á dà bí èébú létí rẹ̀.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé alẹ́ ni tọkọtaya gbọ́dọ̀ máa jáde? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́sàn-án sí márùn-ún ni alẹ́ bá lára mu. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, ẹ mú ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ti sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ wà nílé ìwé, ilé oúnjẹ ṣófo, ọ̀pọ̀ ibi ló sì ń ta oúnjẹ ọ̀sán lówó pọ́ọ́kú ju ti alẹ́ lọ. Ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé ńkọ́? Ní England, láti sáà ẹ̀kọ́ tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tó pé ọdún 3, ọmọ ní wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, ohun yòówù kí fisà òbí rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbà á, torí ohun tí wọ́n kọ sórí fisà yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba ń já yín láyà. Èyí kò sí lára rẹ̀. Ẹ gbà á, kí ẹ sì fi wákàtí méjì nínú rẹ̀ jókòó ti ara yín.

2. Ẹ mọ ẹni tí yóò wo ọmọ kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Nílé, ẹ ó kàn gbé ọmọ fún ìyá àgbà, tàbí kí ẹ pe ọmọ àǹtí yín tó ń bá yín gbé. Ẹ kì í tilẹ̀ kà á sí ètò. Níbí, ohun tó sábà ń ba ìgbafẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹni tó ṣèlérí pé òun yóò wá pè ní aago márùn-ún pé wọ́n ti fún òun ní ṣíìfù. Ìyàwó ti kun àtíkè. Ọkọ ní kí wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì fún àgbà ọmọ, ó ti pé ọdún mẹ́jọ, wọn kò ní pẹ́.

Ẹ má dán an wò. Òfin England kò dárúkọ iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a tó fi òun nìkan sílẹ̀, àwọn kan sì ti fi èyí tan ara wọn jẹ. Ohun tí òfin sọ ni pé ẹni tó bá fi ọmọ sílẹ̀ níbi tí ewu ti lè bá a ti ṣẹ̀. NSPCC, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé, ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kì í sábà gbọ́n tó ẹni tí a lè fi sílẹ̀ lóun nìkan fún àkókò gígùn. Bí ẹ bá sì fi ọmọ ọdún 14 ti aládùúgbò ṣọ́ ọmọ yín, ẹ̀yin òbí náà ni wọn yóò mú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò lè gba irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Àwọn ará wa tó wà níbí láàárín ọdún 1950 sí 1970 rí ìṣòro yìí ju tiyín lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, inú yàrá kan ni wọ́n ń gbé, onílé kò sì fẹ́ ọmọdé. Wọn a kọ ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọn a wá ìdílé òyìnbó ní Kent tàbí Sussex tí yóò gba ọmọ náà tọ́, tí wọn yóò máa sanwó fún. Àwọn ọmọ kan dàgbà síbẹ̀ tí wọn kò gbọ́ Yorùbá, tí wọn kò sì dá ìyá tó bí wọn mọ̀ mọ́. N kò dá àwọn òbí náà lẹ́bi, kò sí ẹni tí wọn yóò sáré bá. Ẹ̀yin ní ohun tí wọn kò ní: ẹ pọ̀. Ní Thamesmead, ní Woolwich, ní Peckham, ní Dagenham, ẹ kò lè rìn dé ibùdókọ̀ láìgbọ́ 'ẹ káàárọ̀'.

Ẹ dá àáró ọmọ wíwò. Ẹ wá tọkọtaya tí ọmọ wọn jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ yín, tí ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Sátidé yìí kí ẹ gba tiwọn, Sátidé mìíràn kí wọ́n gba tiyín. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí ọmọ kì í jẹ, ẹ sọ aago tí ẹ ó dé, kí ẹ sì dé ní aago náà. Ẹni tí ẹ bá ní aago mẹ́wàá fún, tí ẹ wá dé ní ọ̀gànjọ́, kò ní gba ọmọ yín mọ́, òun náà kò sì ní lè gbé tirẹ̀ wá. Àáró ti tú nìyẹn.

3. Ẹ parí ọ̀rọ̀ owó nínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025 ìjọba gbé owó wákàtí kan tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 21 sí £12.21. Ẹni méjì jẹun £80 láàárín ìlú, ilé oúnjẹ fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún àwọn tó gbé oúnjẹ wá, ó di £90. Ẹni tó ń gba £12.21 yóò dúró lórí ẹsẹ̀ fún wákàtí méje ó lé kó tó rí i, a kò sì tíì yọ owó orí. Ẹ wo iye yẹn pọ̀ nílé. Ẹ jọ fẹnu kò sí iye tí ẹ ó ná. Bí ó bá ga jù lójú ẹnì kan, inú ilé ni kó ti sọ ọ́, kó má ṣe gbé e pamọ́ de ìgbà tí wọ́n bá mú bíìlì wá.

Kí ẹ sì mọ káàdì tí yóò sanwó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ kíà, ọkọ wá tẹ̀lé e lórí fisà, owó ìyàwó sì lè pọ̀ ju tọkọ lọ. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ìyàwó tó bá mí kanlẹ̀ bó ṣe ń na káàdì sí agbáwo ti dójú ti ọkọ rẹ̀ níwájú àlejò. Ọkọ tó bá sì ń gba káàdì ìyàwó lábẹ́ tábìlì kí wọ́n lè rò pé òun lòun sanwó, ọmọdé ṣì ń ṣe é.

Ìdá 12.5 yẹn, lọ́pọ̀ ibi kì í ṣe dandan, ẹ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n yọ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2024 òfin ti ní gbogbo irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn dúró fún wákàtí mẹ́wàá. Omi ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ibi tó bá níwèé àṣẹ àti ta ọtí fún àwọn tó jókòó mu ún. Ẹ má torí ojú ra omi inú ìgò.

Ohun kan wà tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹ má ṣírò oúnjẹ sí náírà lórí tábìlì. Ọkọ wo £90, ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì náírà lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ó pariwo: '₦180,000! Èyí ju owó oṣù méjì òṣìṣẹ́ lọ nílé!' Òótọ́ ló sọ, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà láti 2024. Ṣùgbọ́n ìyàwó ti gbé ṣíbí kalẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí fóònù sinmi.

Lásìkò òtútù, aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti London. Lásìkò ooru, aago kan náà ni wọ́n ń lò. Ìyẹn ni pé ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó láti jẹun lálẹ́ Sátidé, àwọn ará ilé ti jẹun tán, ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n rántí yín. Wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ da yín láàmú. Láyé tiwa, káàdì tí a ń ha ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń pe ilé, bí ìṣẹ́jú bá sì tán, ọ̀rọ̀ tán. Ìyá ọkọ mi kò ríbi bá wa jókòó nídìí oúnjẹ rí. Ẹ̀yin ni WhatsApp kó gbogbo ẹbí sí lápò.

Ẹ sọ fún wọn lọ́sàn-án: 'Mọ́mì, a fẹ́ jáde díẹ̀ lálẹ́ òní, a ó pè yín lọ́la tí a bá ti ìsìn dé.' Wọn yóò súre fún yín ni. Fóònù tí ẹni tó ń wo ọmọ ní nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni kó wà ní títàn.

Ti fọ́tò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé àwo oúnjẹ sórí status, kó má ṣe yà á lẹ́nu bí àbúrò bàbá rẹ̀ bá béèrè owó ilé ìwé ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ta ló fi hàn án?

5. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀ nílé.

Òrùlé Mọ́mì, ilẹ̀ tí ẹ ń rà ní Mówé, àbúrò tó fẹ́ jápa, ìwé ìgbé: ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn, wọ́n sì tó ohun tí tọkọtaya ń jókòó lé. Láti oṣù karùn-ún 2025 tí ìjọba ti gbé ìwé jáde pé àwọn fẹ́ kí ọ̀pọ̀ àlejò lo ọdún 10 dípò 5 kí wọ́n tó lè gba àṣẹ ìgbé títí lọ, n kò tíì rí tọkọtaya tí kò fi í ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ẹ dá ọjọ́ fún un. Ọ̀sán Sọ́ńdè dáa, kí ẹ mú bébà àti bírò jókòó. Bí ó bá yọjú lórí tábìlì ìgbafẹ́, kí ẹnì kan sọ pé, 'Jẹ́ ká gbé e dé Sọ́ńdè,' kí ẹnìkejì má sì bínú.

Kí wá ni ẹ ó máa sọ? Ẹ má bi mí. Ṣebí ẹ sọ̀rọ̀ títí tí ẹ fi fẹ́ra. Ẹ ṣẹ̀fẹ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín, ẹ rántí ìyá onírẹsì ẹ̀yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ dákẹ́. Àwọn tó mọwọ́ ara wọn nìkan ni ìdákẹ́ kì í bà lẹ́rù.

6. Ibi tí yóò tu yín lára ni kí ẹ lọ.

Àwọn kan nínú yín rò pé kò tíì di fàájì àfi bí wọ́n bá jẹ ohun tí wọn kò lè pe orúkọ rẹ̀. Iyán wà ní Peckham, ó wà ní Old Kent Road, ẹnikẹ́ni kò ní wò yín bí ẹ bá fọwọ́ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí súùtù yẹ, Adejoké Bakare, ọmọ Nàìjíríà, ṣí Chishuru sí Brixton ní 2020, ó gbé e lọ sí Fitzrovia, ó sì gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ilé oúnjẹ tó pegedé, ní oṣù kejì 2024. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní Britain, oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì fi gbà á. Ẹ tọ́jú ìyẹn de ọdún kẹwàá ìgbéyàwó yín, nítorí owó rẹ̀ ga.

London ní ohun ọ̀fẹ́ tó pọ̀ tí ẹ kì í lọ wò. National Gallery ní Trafalgar Square ń ṣí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ní British Museum, orí idẹ Ifẹ̀ kan wà tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Mo mọ ọkọ kan, ọmọ Ifẹ̀, tó mú ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú lọ wò ó. Wọ́n ń jiyàn lórí bó ṣe dé ìlú òyìnbó títí wọ́n fi sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ojú àwọn méjèèjì sì ń dán nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Irú àríyànjiyàn yẹn ni kí ẹ máa wá kiri.

7. Ẹ wo ọ̀nà.

Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà ń tún ojú irin ṣe ní London. Ẹ wo ìkànnì TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò ní London, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tún wò ó kí ẹ tó jáde. Láti 2016 ni àwọn ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò àtijọ́ tó ń tú èéfín jù, £12.50 ni yóò máa san lójúmọ́ ní gbogbo àgbègbè London láti oṣù kẹjọ 2023. Bó bá sì jẹ́ tíátà ni ẹ ń lọ, ẹni tó pẹ́ lè dúró síta títí wọn yóò fi rí àyè láàárín eré.

8. Bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ má yà.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ di èyí mú. Bọ́ọ̀sì tó pẹ́ kì í ṣe ọkọ rẹ. Òjò kì í ṣe ìyàwó rẹ. Ilé oúnjẹ ló gbé tábìlì yín fún ẹlòmíràn, ẹ̀yin méjèèjì ló sì ṣe é sí. Ó yẹ kí ẹ jọ bínú sí i ni, kí ẹ má bínú síra.

Gbólóhùn méjì ló máa ń sọ irú nǹkan báyìí di ìjà. Ọ̀kan ni 'Ṣebí mo ti sọ bẹ́ẹ̀.' Èkejì ni 'Ìwọ lo ní ká wá.' Bí ó bá dé ètè yín, ẹ gbé e mì. Ẹ sọ pé, 'Ebi ń pa mí, jẹ́ ká wá nǹkan fi sẹ́nu.' Ebi ló ń sọ ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu ara yín lálẹ́ yẹn. Tí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ mi ti Thamesmead wọ ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ni, kí ọkọ jókòó pẹ̀lú súùtù, kí ìyàwó bọ́ bàtà gogoro sábẹ́ ìjókòó, kí wọ́n jọ fi ọwọ́ fa itan adìyẹ ya, wọn ì bá ti máa fi í pa ara wọn lẹ́rìn-ín di òní.

Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó tó dá dúró ní ibùdókọ̀ lọ́wọ́ òru, ọkọ tó délé tí kò mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà, ìbẹ̀rù ti wọ̀ wọ́n, ìbẹ̀rù náà yóò sì padà di ìbínú bí ìlẹ̀kùn bá ti dún. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ jókòó pọ̀ kí ẹ dákẹ́. Bí mọ́tò lẹ bá sì gbé, ẹ má jà nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà kò mọ ẹni tó jàre.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ni? Ẹni tí orí rẹ̀ bá kọ́kọ́ tutù. Ohùn tútù ló ń yọ obì lápò. Ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin kì í ṣe òdòdó tó rà lọ́jọ́ kejì ní Tesco. Kó dárúkọ ohun tó ṣe: 'Kò yẹ kí n gbé ìpè Mọ́mì nígbà yẹn.' Obìnrin náà kò gbọdọ̀ rò pé ẹ̀bẹ̀ ni kí òun gbé oúnjẹ síwájú ọkọ láìfọhùn. Kó sọ ọ́ lẹ́nu: 'Kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ sí òrùlé ìyá ẹ bẹ́ẹ̀ yẹn.' Ẹ má sọ pé, 'Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú.' Ẹ mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀.

9. Ẹ ṣọ́ ẹni tí ẹ ń rojọ́ fún.

Nílé, kí ohùn yín tó ròkè, ìyàwó onílé ti kan ilẹ̀kùn. Yóò bi ọkọ ní ìbéèrè, yóò bá ìyàwó wí, gbogbo rẹ̀ yóò parí kí ọbẹ̀ tó tutù. Ẹni tó bá gbé fóònù ní ọ̀gànjọ́ pe ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo kò rí irú ìyẹn. Ìyá kò rí ojú yín, ẹjọ́ ẹnì kan ló gbọ́, kò sì ní sùn. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀yin ti ń jẹun pọ̀. Ìyá ṣì di ti ọmọ rẹ̀ sínú, yóò sì dì í dé ọdún mẹ́ta. Ti àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ àti ti àwọn ọmọ ilé ìwé yín àtijọ́, n kò ní sọ ọ́ rárá, ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń fi ẹlòmíràn ṣe.

Ẹ yan tọkọtaya kan tó ti pẹ́ níbí, tí àwọn náà ti jà rí, tí ẹnu wọn kì í jò. Kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ wọ́n, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ lọ. Ẹjọ́ tí ẹnì kan dá gbé lọ ti wọ́ kó tó débẹ̀.

10. Bí ọwọ́ bá ti dé ara, ìmọ̀ràn mi tán.

Gbogbo ohun tí mo sọ wà fún àwọn tó ń fẹnu jà. Ẹni tó bá ń na ẹnìkejì, tó fún un lọ́rùn, tó gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ pamọ́, tó ń fi fisà halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ pe 999. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀, tó sì jẹ́ fóònù alágbèéká ló fi pè, kó tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kó tẹ̀ ẹ́, ọlọ́pàá yóò mọ̀ pé ewu wà. Refuge, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tí wọ́n ń nà nílé lọ́wọ́, ń gbé ìpè àwọn obìnrin tọ̀sán-tòru lórí 0808 2000 247, ọ̀fẹ́ ni. Ọkùnrin tí wọ́n ń nà náà wà, ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́ ni; nọ́ńbà tiwọn ni 0808 801 0327. Ẹni tó bá ní kí o fara dà á nítorí ọmọ kò fẹ́ràn ìwọ, kò sì fẹ́ràn ọmọ náà.

11. Ẹ dá ọjọ́ mìíràn kíákíá.

Ẹ má jẹ́ kí ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbafẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kì í gba àṣìṣe, torí pé gbogbo ohun tí ẹ kò rí ṣe láti oṣù kìíní ni ẹ ń retí pé kí alẹ́ yẹn ṣe. Ẹ sọ ọ́ di kékeré, kí ẹ sì máa ṣe é léraléra. Ẹ ra tíì méjì àti kéèkì kan, ẹ gun òkè Greenwich Park, ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹ wo gbogbo London nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ tí òjò bá lé yín sọ̀ kalẹ̀, tíì àti kéèkì nìkan ló bàjẹ́.

Lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé ṣíìfù yín méjèèjì, ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wá ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì kò ní iṣẹ́, kí ẹ sì pe ẹni tí yóò bá yín wo ọmọ kí ẹ tó sùn.